Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ìwọ́ Mi Dé Ilé Ìgbìmọ̀

Orí ààlà gan-an ni mo gbé tábìlì sí, tí mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ agbádá Bàbá. Ẹsẹ̀ tábìlì méjì wà ní Nàìjíríà, méjì tó kù wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí mo bá lọ apá ọ̀tún tán, apá òsì á ti rún padà, nítorí ọ̀tọ̀ ni oòrùn tó ń ràn ní ìhà ibẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn ń wọ́n omi sí i, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n màámi ni Bàbá. Múráínà lorúkọ rẹ̀, Ọnọ́rébù sì ni gbogbo ìlú Òkè-Àgbède ń pè é, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ mi dàgbà, Bàbá ni èmi ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ jiyàn lórí àwa ọmọ tí wọ́n pọ̀n sọdá láti òdìkejì, tí a kò ní ìwé ìgbélùú: ṣé kí a máa san iye tí ọmọ onílé ń san ní yunifásítì ìpínlẹ̀, àbí kí a máa san iye àlejò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, wọ́n sì ti gbà mí. Tó bá jẹ́ iye àlejò ni, bí màámi ta gbogbo gàrí ayé, kò ní tó. Bàbá ti ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹnu òun ni yóò gbà mí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ agbádá náà bí ẹni ń lọ aṣọ ìyàwó.

Agbádá ní, "Àyìnkẹ́, rọra." Ó ní ara òun ń gbóná, pé òun sì ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé òun wọ̀ lọ sọ. Mo bi í pé kí ni. Ó ní àṣírí ni wọ́n dá òun láti máa bò, wọn kò dá òun láti máa tú u. Mo ká a, mo gbé e lé èjìká, mo gbé e lọ fún Bàbá nílé ìgbìmọ̀.

Kíláàsì wa àtijọ́ ni ilé ìgbìmọ̀ náà. Àwọn aṣòfin jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Agogo ilé-ìwé ni olórí ilé. Èmi ni mo máa ń lù ú láràárọ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹfà, èmi náà ni mo máa ń fi aṣọ nù ún, mo sì rò pé á kí mi. Ó wò mí, ó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé pé ta ni mí. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní bóyá ipò ló fà á.

Wọ́n jiyàn. Aṣòfin obìnrin kan dìde, ó ní láti jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń kàwé lábẹ́ òrùlé yìí, pé nígbà tí wọ́n bá ń gba owó orí lórí gàrí màámi, wọn kì í bi gàrí léèrè ìwé. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ilẹ̀kùn kíláàsì ń fẹ̀ sí i, tí mo ń rí yunifásítì níta, àní mo rí aṣọ nọ́ọ̀sì mi lórí okùn, ó ń gbẹ. Aṣòfin àgbàlagbà kan wá dìde. Ó ní òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òun wà nílé tí wọn kò rówó wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ baba wọn. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀," ló wí, "ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn." Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. N kò bínú sí i. Kò mọ̀ mí rí, ọmọ rẹ̀ ló sì ń jà fún.

Bàbá dìde. Agbádá náà ń dán. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá fẹ́ gbé mi kọ́ èjìká lọ sóko. Ó ní a kì í fi àánú ṣòfin. Ó ní àwọn ọmọ Kùtọnu ti pọ̀ jù ní ìlú òun, pé òun mọ̀ wọ́n dáadáa, òun tilẹ̀ ń bọ́ ọ̀kan nílé. Ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló pè mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀, n kò mọ̀ pé ọ̀kan ni mí. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀kùn ti kéré débi pé ológbò nìkan ló lè gbà á kọjá.

Agogo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rí wá. Ó ní ibi tí wọ́n bá sin ìwọ́ èèyàn sí ni ìlú rẹ̀, kí wọ́n gbé tèmi wá. Ìyá Àgbà ló gbé e wá. Òun ló bí màámi, òun ló bí Bàbá. Ó ti kú láti ọdún tí mo wọ ilé-ìwé girama, Kétu ní òdìkejì ààlà la sì sin ín sí. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, erùpẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Ìṣaasùn kékeré méjì ló gbé sórí tábìlì, ó fi ewé bo ẹnu wọn. Ó ní ìdí igi osè kan náà lòun ti hú méjèèjì, ní ẹ̀yìnkùlé òun ní Kétu, nítorí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lòun sin wọ́n sí.

Mo mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Mo mọ ẹni tó ni ìkejì pẹ̀lú. Ilé yẹn ni wọ́n bí Bàbá sí. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e sọdá nígbà tí kò tíì hu eyín, ó sì ti ṣe ìwé tirẹ̀ kí n tó dáyé. Gbogbo ilé wa ló mọ̀. A kì í sọ ọ́.

Agogo bi Bàbá bóyá ó mọ ìyá yìí. Bàbá wo erùpẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n rí."

Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn. Ó kàn nawọ́, ó tún ọrùn agbádá náà ṣe fún un, níbi tí mo ti gbàgbé láti lọ̀.

Agogo wá yíjú sí mi, ó ní ta ló ni ìṣaasùn kejì. Orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, ó korò bí orógbó. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, ilẹ̀kùn á ṣí. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá pè é, òun náà á di ọmọ Kùtọnu lójú gbogbo wọn. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ń retí pé kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì kórìíra àánú náà.

Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó ní, "Tirẹ̀ ni méjèèjì."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Agogo dún, ó ní àlejò lẹ́ẹ̀mejì ni mí, kí n san iye àlejò lọ́nà méjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá náà pàtẹ́wọ́, ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn ti di ògiri, wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún. N kò sunkún. Agbádá náà ni mo ń wò, bó ṣe gún régé lára rẹ̀.

Ìyá Àgbà tú gèlè rẹ̀. Ó gbé ìṣaasùn méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni pọn ìbejì, ó fi gèlè gbà wọ́n mọ́ra, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó sì kọjú sí ọ̀nà Kétu. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko. Ó ń fọwọ́ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́pẹ́ bó ti ń lọ, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Kì í ṣe tèmi.