Kọ̀ǹpútà Tí Ojú Rẹ̀ Ṣókùnkùn

Bí Bọ̀ọ̀dá bá fọ abọ́, àbúrò rẹ̀ á tún un fọ̀. Bó bá ti ilẹ̀kùn, àbúrò á dìde lọ mì ín wò. Kò ní sọ̀rọ̀ o, kò ní ṣe ìjàngbọ̀n, á kàn yọ́ lọ síbẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran kò létí láti gbọ́ pé wọ́n tún ń mi ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ìfura loògùn àgbà." Ta ló wá jẹ́ àgbà nínú àwọn méjèèjì? Ọdún mẹ́fà ni Bọ̀ọ̀dá fi jù ú lọ. Láti ìgbà tí àìsàn ti gba ojú rẹ̀, tó sì ti kó wá bá àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí gbé, ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Kì í ṣe òkùnkùn. Òkùnkùn ti di ará ilé. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sí iṣẹ́ kankan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé yẹn tí ẹlòmíì kò tún ní lọ yẹ̀ wò.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò, àgbà ẹ̀rọ orí tábìlì tí àpótí rẹ̀ wà nílẹ̀. Òwúrọ̀ ni ti àbúrò, tó máa ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ọ̀sán ni ti Bọ̀ọ̀dá, tó máa ń gbọ́ ohùn ìpàdé tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí á sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé. Kí ló fẹ́ fi ojú kọ̀ǹpútà ṣe? Pípa ló máa ń pa á. Á ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, obìnrin kan nínú kọ̀ǹpútà á sì máa ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún un wàràwàrà. Aláròyé ni àbúrò sọ obìnrin náà. "Aláròyé yín tún ti bẹ̀rẹ̀," á wí, á sì bọ́ síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Àbúrò ń ṣe àtúnṣe tó gbẹ̀yìn sí àwòrán ilé ìwòsàn kékeré kan, àwọn tó ni iṣẹ́ sì ti sọ pé bó bá ti di ọ̀sán gangan, àwọn ò ní gba ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ó tọ́jú iṣẹ́ náà sínú ẹ̀rọ, ó lọ wẹ̀. Ìgbà tó dé, òkùnkùn ló bá. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Pàbó ló já sí.

Bọ̀ọ̀dá wà lórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́. Ó gbọ́ bí àbúrò ṣe pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì gbọ́ èsì ọkùnrin náà, torí pé ohùn rẹ̀ ju fóònù lọ. Oníṣẹ́ ní káàdì àwòrán ló kú. Ó ní ẹni méjì ló lè gbé àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà: káàdì ńlá tí wọ́n rà fi sí i fún iṣẹ́ tó wúwo, àti kékeré tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀rọ. "Ẹ yọ wáyà lẹ́yìn káàdì ńlá, kí ẹ kì í bọ ihò ti kékeré."

Àbúrò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú síbẹ̀.

"Á jẹ́ pé kékeré ṣì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìjókòó, kò lè lanu," oníṣẹ́ wí. "Àfi ká gbé òkú yẹn kúrò níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, mò ń bọ̀ tọ́sàn-án bá yẹ̀."

Tọ́sàn-án bá yẹ̀ kẹ̀. Àbúrò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Kò sunkún, àmọ́ èémí rẹ̀ ti yí padà, Bọ̀ọ̀dá sì ti mọ èémí yẹn láti kékeré. "Ẹ̀rọ ti kú," àbúrò wí. "Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti wọmi."

"Kò kú." Bọ̀ọ̀dá ti ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí. "Aláròyé ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ká tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ojú nìkan ló lọ, àbúrò mi. Ìyẹn ò sì dá iṣẹ́ dúró nínú ilé yìí rí."

Àbúrò rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó dìde, ó fún un láyè. Bọ̀ọ̀dá wọ inú fódà àbúrò, ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má dé. Aláròyé bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, ó ń pe Yorùbá bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀: ilé ìwòsàn ìkẹyìn, ilé ìwòsàn ìkẹyìn gan-an, ilé ìwòsàn ìkẹyìn pátápátá.

"Ìkẹyìn mélòó lo ní?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Pátápátá ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́."

Bọ̀ọ̀dá ò tíì fi ránṣẹ́. Ó ní kí Aláròyé ka ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbẹ̀yìn. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni pátápátá," Bọ̀ọ̀dá wí. "Gan-an lo ṣiṣẹ́ lé lórí láàárọ̀ yìí."

"Rárá o. Mo mọ ohun tí mo ṣe."

"Gan-an ni."

"Ẹ jẹ́ n gbọ́." Ó gba ẹ̀rọ etí náà, ó tẹ́tí, ó tẹ́tí. Aláròyé ń ya lọ bí òjò lórí páànù. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbí."

"O ò lè gbọ́ ọ. Ó tó ọdún kan kí n tó gbọ́ ọ."

Àbúrò ń fi èékánná gbá etí tábìlì, Bọ̀ọ̀dá sì mọ ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ ilẹ̀kùn yàrá àwọn aláìsàn. Bí èyí tí kò tọ́ bá lọ, ilé ìwòsàn tí ibùsùn ò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé ni wọ́n máa rí, iṣẹ́ sì lọ nìyẹn.

Ó dá ẹ̀rọ etí náà padà sí i lọ́wọ́. "Ẹ fi gan-an ránṣẹ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ ọ."

Bọ̀ọ̀dá fi ránṣẹ́. Aláròyé ní ó ti lọ.

Ọ̀sán yẹ̀, oníṣẹ́ dé. Ó tú àpótí, ó fa káàdì ńlá yọ, ó ki wáyà bọ ihò ti kékeré, ó tan ẹ̀rọ. Àbúrò mí kanlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì mọ̀ pé àwòrán ti dé. "Á máa falẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń yí àwòrán ilé po," oníṣẹ́ wí, "àmọ́ kò ní máa pariwo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Ó gbé òkú káàdì dání, ó dágbére.

Ó wá ku àwọn méjèèjì. Àbúrò jókòó síwájú ẹ̀rọ. Bọ̀ọ̀dá ń retí ìró máòsì, èyí tó máa sọ fún un pé ó ti ń wá ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ má dá obìnrin náà lẹ́bi o, ta ni kò ní yẹ̀ ẹ́ wò? Bọ̀ọ̀dá ti múra sílẹ̀ fún un. Ó tilẹ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí kò ní dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ìró náà ò wá. Àga ló dún, àbúrò ti dìde.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò o."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ní ó lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n wá nǹkan tá a máa jẹ."

Ó kọjá sí ilé ìdáná. Inú Bọ̀ọ̀dá dùn. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé ṣé gan-an lòun fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ó rọra fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, ó ní kí Aláròyé ka ohun tí òun fi ránṣẹ́. Gan-an ni. Ó ní kó tún un kà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ pè é pé oúnjẹ ti délẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.