Àádọ́rùn-ún Ìṣẹ́jú, Ẹ Fi Mẹ́ta Pín In

1.

…ká kúkú sọ pé èmi ni mo gbé pápá bàálù yìí ró. Èmi ni mò ń wọn ẹrù. Èmi ni mò ń dá rédíò lóhùn. Èmi ni mò ń lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà bàálù, ọgọ́rùn-ún ewúrẹ́ lójúmọ́.

(Mẹ́ta ni wọ́n.)

2.

ÌKÉDE, lára ògiri lẹ́yìn òṣùwọ̀n:

Láti ibí dé pápá kejì: 390 kìlómítà.
Nínú bàálù: 90 ìṣẹ́jú.
Nínú mọ́tò: ọjọ́ méjì, bí ọ̀nà bá gbẹ.

3.

ÒFIN ILÉ WA. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ ọ́ mọ́ ara fíríìjì:

*Ohunkóhun tí Alábùmọ́ bá sọ, ẹ fi mẹ́ta pín in.*

Èmi ni Alábùmọ́. Gbogbo ayé ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Gbogbo ilé.

4.

Ọdún mọ́kànlá nìyí tí Màmá, ìyá ìyá wa, ti fojú kan ẹ̀gbọ́n wọn gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n náà ń gbé lẹ́bàá pápá kejì. Wọn ò lè rìn mọ́. Ẹ̀yìn Màmá ò sì lè gba ọjọ́ méjì nínú mọ́tò.

5.

MÀMÁ: Ìṣẹ́jú mélòó ni màá lò lókè?

ÈMI: Àádọ́rùn-ún, Màmá.

MÀMÁ (wọ́n ń ka ìka): Ọgbọ̀n. Mo lè fara da ìyẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá kanlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyẹ ni.

Ẹ̀GBỌ́N MI: Ìwọ, wò mí lójú.

ÈMI: Mo ti wò yín.

6.

Ohun tí mi ò ṣe: mi ò purọ́.

Ohun tí mo ṣe: mo dúró níwájú ìkéde. Àyà mi fẹ̀ bí ẹ̀yìn tírélà. Ó bò ó.

7.

Bàálù gbéra láago mẹ́wàá àárọ̀. Màmá nìkan ni èrò. Èmi jókòó ti rédíò, nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ tóbi ju òkun lọ.

(Ẹ pín in. Ẹ tún un pín.)

8.

RÉDÍÒ, ìṣẹ́jú 30

AWAKỌ̀: Màmá ní àkókò ti pé, kí n sọ àwọn kalẹ̀.

ÈMI: Níbo lẹ wà?

AWAKỌ̀: Lórí igbó. Wọ́n ní mélòó ló kù.

ÈMI: Ọgọ́ta.

AWAKỌ̀: Wọ́n ní ogún nìyẹn. Wọ́n ti fara balẹ̀.

9.

RÉDÍÒ, ìṣẹ́jú 50

AWAKỌ̀: Wọ́n tún ti dé o.

ÈMI: Ogójì ló kù.

AWAKỌ̀: Wọ́n ní mẹ́tàlá. Wọ́n ní ọmọ yìí ti ń dàgbà, irọ́ ẹ̀ ń kéré sí i.

10.

Mi ò sọ òótọ́ tó báyìí rí láyé mi.

11.

RÉDÍÒ, ìṣẹ́jú 63

AWAKỌ̀: Atẹ́gùn dojú kọ wá. Fi ogún kún iye tó kù.

ÈMI: Ṣé Màmá gbọ́?

AWAKỌ̀: Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́. Wọ́n ń fà mí lápá. Wọ́n ní tó bá lé ní ọgbọ̀n, kí n yí padà sílé. Wọ́n ní kó o sọ iye tó kù.

ÈMI: Ṣé wọ́n máa pín in?

AWAKỌ̀: Wọ́n ní ó ti sú àwọn. Lọ́tẹ̀ yìí, iye tó o bá sọ làwọn máa gbà.

12.

ÌHÌN láti pápá kejì:

*Ẹ̀gbọ́n Màmá ti wà lórí àga lẹ́bàá ọ̀nà bàálù látàárọ̀. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mélòó ló kù.*

13.

Iye tó kù gan-an: mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Tí mo bá fọwọ́ ara mi pín in: mẹ́rìndínlógún.

14.

ÈMI: Ẹ sọ fún Màmá pé ó ku…