Ohun Tí Béárì Gbọ́

Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá Delmar. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fi ọkọ̀ gbé àlejò lọ wo ẹranko létí igbó yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ rí kó dúró ní èbúté kó ní àwọn á rí béárì. Ọmọ Tlingit ni, ẹ̀yà tó ni etí òkun yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ kì í sọ ọ́. Béárì ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ibi yòówù kó wà. Ẹni tó bá fi í yangàn á wá a tì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àna rẹ̀ wà ní èbúté.

Orville lorúkọ àna yìí, àgbẹ̀ alálìkámà láti North Dakota. Ó di ọdún mọ́kànlá tí Delmar ti fẹ́ Karin ọmọ rẹ̀, ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò wọ́n. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin. Ó jẹ ẹja, ó yìn ín. Ó wo ilé, ó yìn ín. Iṣẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò yìn. Lọ́la ni yóò sì lọ.

Ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Iṣẹ́ rẹ ni pé kó o máa gbé èèyàn kiri kí wọ́n lè wo igbó."

"Béárì ni wọ́n ń wò, sà."

"Tí béárì ò bá yọjú ńkọ́?"

Èrò mẹ́fà ló wà nítòsí, gbogbo wọn ń wo Delmar. Ara rẹ̀ gbóná. "Bàbá, kó tó di ọ̀sán òní, béárì mẹ́wàá ló máa tò síwájú yín bí ọmọ iléèwé. Bí wọn ò bá tò, ẹ máa pè mí ní ọ̀lẹ."

Nǹkan já bọ́ nínú ilé ìdáná ọkọ̀. Àǹtí Bernice, àbúrò ìyá Delmar, ló wà níbẹ̀. Ó ti pé àádọ́rin ọdún, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn èrò. Ó yọ orí síta.

"Delmar, kí lo sọ?"

"Eré ni mò ń ṣe, Àǹtí."

"Ó dáa. Wọ́n ti gbọ́ eré rẹ." Ó tọ́ka sí igbó, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọkọ̀ gbéra nínú òjò wínníwínní. Ajá òkun sùn gbalaja lórí àpáta. Idì bà sórí igi kédárì, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Wọ́n dé ẹnu odò àkọ́kọ́, níbi tí béárì ti ń pẹja láràárọ̀. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n dé ìkejì. Ẹyẹ òkun nìkan. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, wọ́n ti wo ẹnu odò márùn-ún. Ẹja kún inú omi débi pé wọ́n ń forí sọ ara ọkọ̀, ẹni tó máa jẹ wọ́n ni kò sí.

"Ẹja mà pọ̀ o," Orville wí. "Mo rò pé ẹja ni wọ́n ń jẹ."

"Òun ni wọ́n ń jẹ, sà."

"Bóyá ààwẹ̀ ni wọ́n gbà."

Obìnrin kan tó gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn bú sẹ́rìn-ín. Delmar ò rẹ́rìn-ín.

"Lóko mi," Orville tún wí, "tí mo bá pe màlúù, ó máa ń wá."

"Màlúù nìyẹn, sà."

"Mi ò bá ẹ jiyàn."

Delmar wọ ilé ìdáná. Àǹtí Bernice ń gé ẹja yíyan.

"Àǹtí, mo bẹ̀ yín, kí la máa ṣe?"

"Àwa kẹ̀? Ṣé èmi ni mo to béárì bí ọmọ iléèwé ni?"

"Àǹtí."

"O mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó o ṣẹ̀ ni kó o lọ bẹ̀."

"Níwájú àna mi?"

"Ṣebí níwájú àna ẹ lo ti ṣẹ̀ ẹ́."

Delmar ro ohun tí Orville máa sọ fún Karin lórí oúnjẹ alẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ́ńjìnnì, ó lọ sí iwájú ọkọ̀, ó ṣí fìlà nínú òjò.

"Bàbá àgbà," ó sọ fún béárì inú igbó, "èmi Delmar ni. Mo fi yín yangàn láàárọ̀, torí kí àna mi lè kà mí sí. Ilé yín la wá. Ẹ má bínú."

"Sọ ọ́ sókè!" Àǹtí Bernice pariwo. "Ohùn tó o fi yangàn kọ́ nìyẹn!"

Ó tún un sọ, ó pariwo. Àpáta gba ohùn rẹ̀, ó dá a padà. Ewé kan ò mì. Ojú ń tì í láti yíjú padà. Nígbà tó yíjú, Orville ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà lọ́wọ́, òjò ń pa orí rẹ̀ tó pá.

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Àwọn ìyá mi, sà."

Orville nu òjò kúrò lójú. "Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ iye àlìkámà tí a máa kó. A ò tíì kó o o. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni yìnyín bọ́. Pòròpórò kan ò dúró. Àtìgbà yẹn, tí wọ́n bá bi mí pé oko ńkọ́, mo máa ń ní ó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà là ń ṣe."

Kí Delmar tó fèsì, Àǹtí Bernice na ọ̀bẹ sí etí omi. Láàárín igi kédárì méjì, nǹkan ràgàjì kan, aláwọ̀ ilẹ̀, ń wọ igbó lọ. Ìdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ó gbọn omi dànù lára lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Nígbà tí obìnrin yẹn fi máa gbé kámẹ́rà sókè, igi ló yà.

"Ìdí ló kọ sí wa!" Orville rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

"Wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀," Àǹtí Bernice wí, "wọn ò kàn tíì fẹ́ rí ojú Delmar ni."

Delmar náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ ẹja yíyan. Títí ọkọ̀ fi padà gúnlẹ̀, Orville ń bi í ní oṣù tí ẹja ń dé, bó ṣe ń mọ ìgbà tí omi máa fà, ohun tó ń ṣe lọ́dún tí ẹja bá kọ̀ tí kò wá. Ó ń bi í bí àgbẹ̀ ṣe ń bi àgbẹ̀.

Karin ń dúró dè wọ́n ní èbúté. Bàbá rẹ̀ ní kó bá òun sún ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú síwájú, ó di ọjọ́ Ẹtì.

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ wà lọ́la."

Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò tuntun sún mọ́ Delmar. "Ọ̀gá, a máa bá yín lọ lọ́la. Ṣé a máa rí béárì?"

Delmar la ẹnu. Orville tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Òjò ló máa rọ̀," Orville sọ fún ọkùnrin náà. "Ẹ wọ bàtà òjò wá."