Dò Re Dò Mí

Ní ọdún 1956, àwọn Faransé mẹ́ta gbé ẹ̀rọ sinimá wá sí Pobè, ìlú Yorùbá kan lábẹ́ ìjọba Faransé. Eré kúkúrú kan ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí ọ̀pẹ àti epo, nínú èyí tí ìyá kan ti máa kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀ láti ilé ọkọ. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bonaventure, olùkọ́ tó tún máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n ní kó yí i sí Yorùbá.

Ó fara balẹ̀ yí i, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Àbẹ̀ní, àgbà obìnrin tó ń ṣe epo ní Towé, ni wọ́n mú ṣe ìyá. Ràúdátù, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní Sakété, ni wọ́n mú ṣe ọmọ. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wé, nítorí náà Bonaventure ń kà á, wọ́n ń há a sórí.

"Inú mi dùn púpọ̀ láti rí ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí o ti lọ." Ohun tí Àbẹ̀ní gbọ́dọ̀ sọ nìyẹn, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́jọ́ níwájú kọ̀màndáǹ, òyìnbó aláṣẹ ìlú. Ràúdátù á dáhùn, ọrùn rẹ̀ á le gan-in. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbìyànjú. Ọ̀gá àwọn Faransé kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kú. Ó ní bí kò bá yí padà títí di ọ̀túnla, òun á ya àwòrán wọn láìsí ohùn.

Ojú ti Bonaventure. Ní ọjọ́ kejì ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Towé. Àbẹ̀ní wà nídìí ẹkù, kòtò tí wọ́n ti ń ṣe epo, ó ń tẹ ẹyìn. Bí Bonaventure ṣe ń tú ìwé rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan já Ràúdátù, tó ń bọ̀ wá kọ́ ọ̀rọ̀ náà, sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àbẹ̀ní gbójú sókè.

"Ìwọ rèé, ọmọ mi? Wá jókòó."

Ràúdátù kúnlẹ̀. "Èmi rèé, ìyá mi."

Bonaventure bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un sọ. Kò dágbére fún wọn tó fi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó jókòó ti dùùrù, ó tẹ ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní: dò re dò mí. Ó tẹ ti Ràúdátù: dò re dò mí. Ohùn kan náà ni. Ọmọ gba ohùn lẹ́nu ìyá, ó sì fi í dá a lóhùn. Ìgbà tó kan "ọmọ mi" àti "ìyá mi" ni ohùn wọn tó yà: ìyá ń sinmi lórí re, ọmọ ń gòkè kó tó sọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti ń sọ èdè yìí, inú ìwé àwọn òyìnbó ló sì ti ń wá orin kiri.

Àwọn obìnrin méjèèjì tọ̀ ọ́ wá ní ìrọ̀lẹ́ láti mọ ohun tó lé e lọ. Àbẹ̀ní, abọ̀rìṣà, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Bonaventure tẹ ohùn náà lórí dùùrù fún wọn. Àbẹ̀ní gbọ́ ọ tán, ó nawọ́ sí dùùrù.

"Ta ló fi ohùn mi sínú àpótí yẹn?"

"Ẹnu yín ni mo ti gbé e, ìyá."

Ó wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó dùùrù náà bí ẹni ń fọwọ́ kan orí ọmọ tuntun.

Wọ́n pa ìwé tì. Àwọn obìnrin ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọn ì bá ṣe sọ ọ́ nílé, Bonaventure ń tẹ ẹ́ tẹ̀ lé wọn. Níbi tí ohùn bá ti kọsẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n ya eré náà lọ́jọ́ kejì, Faransé tó ń gba ohùn sílẹ̀ kò tètè yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tó fi bo etí. Ó béèrè orin tí wọ́n kọ. Bonaventure ní orin kọ́, wọ́n ń kí ara wọn ni. Ọkùnrin náà ní òun ti rí ohun tí òun fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe kí òun gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Bonaventure wọ kíláàsì. Ogójì ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Ó dúró pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ohùn náà títí tó fi balẹ̀ tán, kó tó ní kí wọ́n jókòó.