Áńbúláǹsì Tí Kò Jáde

Ìwé ẹ̀sùn kẹta rèé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ìyàwó mi ló mú un wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi ìka méjì dì í mú bí ẹni gbé òkú eku. Fọ́tò ọkọ̀ búrẹ́dì tí mò ń wà ló wà nínú rẹ̀. Taya iwájú ti kọjá ìlà funfun, iná sì pupa.

"Bàbá Ìbejì, ṣé iná pupa ti di àwọ̀ ewé lójú yín ni?"

"Áńbúláǹsì ló wà lẹ́yìn mi. Mo yà fún un ni."

"Áńbúláǹsì ọ̀hún dà?"

Kò sí nínú fọ́tò. Èmi nìkan ni kámẹ́rà rí. Bẹ́ẹ̀ bó bá ti di ẹ̀ṣẹ̀ kẹta, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé búrẹ́dì. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Àmọ́ mo ti kọ nọ́ńbà áńbúláǹsì náà sílẹ̀. Ìwé méjì àkọ́kọ́ ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọ̀gá mi ní kí n lọ sí ibùdó wọn, kí wọ́n kọ ọ́ fún mi pé àwọn ló ń kọjá, pé ìyẹn ni mo máa fi kọ̀wé ẹ̀bẹ̀.

Mo lọ, mo sọ iṣẹ́ mi àti ohun tó gbé mi wá. Akọ̀wé ibẹ̀ láwàdà.

"Ẹ gbé búrẹ́dì títí, ẹ wá fi ọwọ́ òfìfo wọlé?"

A rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìjáde ọkọ̀ sí, ó ń fi ìka tọ ìlà. Ìka náà dúró. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé nọ́ńbà yìí dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ọkọ̀ yìí ò jáde lọ́jọ́ yẹn. Ìwé sọ pé inú ọgbà ló wà látàárọ̀ dalẹ́."

Ọ̀gá wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mu tíì. Ó rọra gbé ife kalẹ̀.

"Ta lẹ rí nínú rẹ̀?"

Mo rí wọn. Ẹni tó ń wà á kò wọ aṣọ iṣẹ́. Bí ọkọ̀ náà ṣe kọjá mi, ẹnì kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu gíláàsì ẹ̀yìn láti inú. Lọ́jọ́ náà, mo rò pé aláìsàn tí ara ń ro ni.

"N kò rí nǹkan kan, sà."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló ti bébà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín sílẹ̀."

Akọ̀wé ń mi orí fún mi díẹ̀díẹ̀, pé kí n má kọ ọ́. Mo rí i. Ọwọ́ mi ti ń kọ ọ́ lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí wọ́n kúkú gba láísẹ́ǹsì náà. N kò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ kankan. Ìyàwó mi ní ṣé afẹ́fẹ́ la ó máa jẹ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bébà kan gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Kò sí àpò ìwé, kò sí sítáǹbù. Wọ́n ní àwọn ti fagi lé ẹ̀ṣẹ̀ mi, pé kí n máa wakọ̀ mi lọ, kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.

Ìyàwó mi ké alelúyà. Ó jó yí tábìlì po.

"Ta la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá Ìbejì?"

Abẹ́ ìlẹ̀kùn ni mò ń wò. Òjìji ẹsẹ̀ méjì ṣì wà níbẹ̀, kò lọ.