Orúnkún Kì í Dún Lórí Wáyà

Kúlúsúmù ti kúnlẹ̀ kí ó tó rántí pé ògiri wà láàárín òun àti ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀. Tẹlifóònù wà létí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà lórí sìmẹ́ǹtì, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tó kù sì ti bú sẹ́rìn-ín.

“Ó tún ti kúnlẹ̀, àbí?” Ohùn Àǹtí Bertha ti inú yàrá jáde, ó sì tún gba inú wáyà wá. “Dìde! Ìgbà mélòó ni mo máa sọ ọ́? Alhaji tó ń pè ọ́ láti Kánò ò rí ọ. Orúnkún kì í dún lórí wáyà.”

Bí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe rí nìyẹn, ní Àrẹ̀mọ, lọ́dún 1983: pálọ̀ kan, yàrá kan, tẹlifóònù àlòkù méjì tí ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi wáyà àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì so pọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Bertha á jókòó sínú yàrá, á di Alhaji, á di ọ̀gá ọlọ́pàá, á di ìyá oníbìínú tí ẹrù rẹ̀ ò tíì dé. Àwọn ọmọ á máa dá a lóhùn láti pálọ̀, ní òyìnbó àti ní Yorùbá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi so ohùn èèyàn mọ́ra wọn ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kí ẹ̀rọ tuntun tó dé, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ohun tó mọ̀ nílé ayé kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú.

“Ẹni tí ọ̀gá ò fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ló pè,” ó ní. “Kí lẹ máa ṣe?”

“A máa fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù,” ni wọ́n jọ dáhùn. “A máa wojú ọ̀gá. Tí wọ́n bá mirí, a máa ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú, kó lè dà bíi pé a lọ wò wọ́n wá.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“‘Ẹ má bínú, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Kí ni kí n bá yín sọ fún wọn?’”

“Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn, mà?” ni Kúlúsúmù bi í.

“Ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.”

“Tó bá wá jẹ́ ẹni tí mo mọ̀ ńkọ́?”

“Lórí wáyà, a kì í mọ ẹnikẹ́ni.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Irọ́ ni, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, Bàbá Fàsásì tó ni ilé sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: láti ọdún méjì, ọmọ kan ṣoṣo ló tíì ríṣẹ́, bí òmíràn kò bá rí i kí oòrùn Jímọ̀ yìí tó wọ̀, òun á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata sí pálọ̀ náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún kúkú ti dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, wọ́n fi ọ̀rá dúdú bò ó, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń fara gbún un wọlé.

Èjìdé ni ọmọ kan ṣoṣo náà. Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n ti bí i, ọmọ tí wọ́n kọ́ níwà kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Oṣù kan gbáko ló fi ń kúnlẹ̀ fún tẹlifóònù kí Bertha tó gba àṣà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń dá ìpè lóhùn báyìí ní ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí. Akínwùmí fúnra rẹ̀ ló wá dúpẹ́ ní Àrẹ̀mọ. “Ẹ bá mi múra àwọn méjì sí i sílẹ̀,” ó ní. “Lẹ́tà iṣẹ́ wọn á dé lọ́jọ́ Ajé.” Ajé ti kọjá, lẹ́tà kò dé.

Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, Bertha gba ọ̀nà Bẹẹrẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Olúwọlé oníkẹ́míìsì, tó máa ń jẹ́ kó lo tẹlifóònù òun. Ó pe nọ́ńbà ọ́fíìsì Akínwùmí láti orí.

Ohùn tó dáhùn mọ́ tónítóní. Ó dárúkọ ilé iṣẹ́, ó kí i ní òyìnbó, ó béèrè ohun tí òun lè ṣe fún un. Orí Bertha wú.

“Èjìdé, èmi ni.”

“Haà! Àǹtí mi! Ẹ káàsán, mà. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Ọ̀gá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ni.”

“Ta nìyẹn?” ni ọkùnrin kan béèrè nítòsí Èjìdé. Akínwùmí ni. Ẹni tó fi ọdún mọ́kàndínlógún gbọ́ ohùn láì rójú kò lè ṣì í mọ̀.

“Àǹtí Bertha ni, sà.”

Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan dákẹ́.

Kì í ṣe pé wáyà já. Bí wáyà bá já, á máa kùn. Ìdákẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ni èyí, Bertha sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Kò fẹ́ kà, ṣùgbọ́n ó ti ń kà. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

Àtẹ́lẹwọ́ kúrò. Ó gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀. Ohun kan kọlu ilẹ̀ pákó, gbì, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Èjìdé sọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti wá.

“Ẹ má bínú, mà. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Kí ni kí n bá yín sọ fún wọn?”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ̀ níbẹ̀. Bertha wá ibi tó wọ́ nínú gbólóhùn náà títí, kò rí i. Ó dùn ún dé egungun. Ó lè sọ pé, mo gbọ́ ohùn wọn, fún wọn ní tẹlifóònù. Ó lè pariwo kí Akínwùmí gbọ́. Ṣùgbọ́n orí Èjìdé ni ìbínú ọ̀gá á sọ̀ sí, ọmọ kan ṣoṣo tó ríṣẹ́ á sì tún padà sílé.

“Kò sí, ọmọ mi,” ó ní. “Bá mi kí wọn.” Ó mí kanlẹ̀. “Dìde nílẹ̀.”

Kò dúró gbọ́ èsì.

“Ṣé ẹ bá wọn?” ni Olúwọlé bi í.

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.” Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

Nígbà tó dé Àrẹ̀mọ, Bàbá Fàsásì àti ọkùnrin méjì ti ń ká ọ̀rá kúrò lórí ẹ̀rọ. Bàbá wo ojú rẹ̀, ó ń ká ọ̀rá lọ. Bertha gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá, nítorí kò lè kojú ọmọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbá ògiri bó ṣe máa ń gbá a kí wọ́n lè mọ̀ pé ìpè dé, ó gbé tẹlifóònù.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ni Kúlúsúmù wí. “Ṣé ẹ bá ọ̀gá? Àwọn méjì wo ni wọ́n mú nínú wa?”

Ọwọ́ Bertha ti bo ẹnu tẹlifóònù. Ení. Èjì. Gbólóhùn náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀ta. Ó ṣí ọwọ́ kúrò.

“Wọ́n wà níbẹ̀,” ó ní. “Wọ́n wà níbẹ̀, Kúlúsúmù. Wọn ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni.”

Bertha gbọ́ ọ kedere létí rẹ̀, nínú wáyà: orúnkún méjì lórí sìmẹ́ǹtì.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà,” ni Kúlúsúmù wí láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀.

Bertha di tẹlifóònù náà mú sétí. Kò sọ fún un pé kó dìde.