Ó Kù Díẹ̀, Màmá

Ìyá Aránṣọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ̀. Wọ́n ti kun ògiri, wọ́n ti kun fèrèsé, wọ́n kun àjà pàápàá, ṣùgbọ́n bí akunlé bá ti na búrọ́ọ̀ṣì sí kọ́bọ́ọ̀dù, ìyá á ní, "Dúró níbẹ̀, bàbá. Ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí." Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fi yíǹkì dúdú ya nǹkan kan sí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹni tó bá rí i á ní gbòǹgbò igi ni, ẹlòmíràn á ní ẹ̀gún ni. Ọmọ ní lẹ́tà ni, pé orúkọ ẹgbẹ́ olórin òun ni. Ìyá, tí kò kàwé kọjá kíláàsì kejì, wò ó títí, ó ní, "Kí èmi má rí i kà, ìyẹn ò burú. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé ìwé ńkọ́?" Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwa náà ò rí i kà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ọmọ yẹn ti kú láti ọdún mẹ́tàlá. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ojú rẹ̀ kò ṣòro fún ìyá láti rí, fọ́tò rẹ̀ wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohùn rẹ̀ ni kò rí mọ́. Ohùn èèyàn a máa yọ́ kúrò létí bí ọṣẹ inú omi. Lọ́dún kìíní, ìyá ṣì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń pè é láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ ló ń rántí, kì í ṣe bó ṣe dún. Ní báyìí, á dá ẹ̀rọ dúró láàárín aṣọ, á tẹ́tí sílẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan àfi àdúgbò.

Èyí tó tún dùn ún jù, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn náà rẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù sílé. Orin tí ọmọ ń kọ, mẹ́tàlì ni wọ́n ń pè é: ìlù á máa dún bí òkúta tó ń já lu páànù, gìtá á máa ké bí ayùn, olórin á wá máa bú ramúramù bí ẹni tí ilẹ̀kùn há níka. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò, ó gbọ́ ṣùùù, ó gbọ́ kẹ̀ẹ̀ẹ̀, ó ní, "Áà, èyí ti bàjẹ́." Ó bá gba orin àwọn ìyá akọrin sórí rẹ̀, kó lè máa fi kọ́ ohùn kejì nílé. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yí páálí kásẹ́ẹ̀tì náà wò tó rí gbòǹgbò tí wọ́n yà sí i. Ọ̀ràn àfọwọ́fà, ta lèèyàn fẹ́ bá wí? Ó gbé e sínú àpótí òwú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì kan wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì dúdú dání. Wọ́n ti rán onírúurú àgékù aṣọ tó ní àwòrán mọ́ ọn lára, agbárí òkú lọ́tùn-ún, iná lósì.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Wọ́n ní ọwọ́ yín kì í yẹ̀. Ẹ bá mi rán ọ̀kan sí i sẹ́yìn."

Ìyá gbé jákẹ́ẹ̀tì náà sókè. "Èyí lo ń wọ̀ lọ tọ́jú aláìsàn?"

"Rárá o, Mọ́mì. Ara àwọn yẹn ò yá tẹ́lẹ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ gba àgékù aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ lórí tábìlì. Ẹ̀rín náà dúró sí i lẹ́nu. Gbòǹgbò ni. Ẹ̀gún ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni, kò yàtọ̀ bín-íntín.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan ni, Mọ́mì. Wọn ò sí mọ́. Àrá là ń pe olórin wọn, ó ti kú, èmi ò tiẹ̀ bá a láyé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, òun la ń dà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́."

Ọ̀rọ̀ dé ètè ìyá, ó gbé e mì. Tó bá ní òun lòún bí Àrá, wọ́n á ní kásẹ́ẹ̀tì tòun dà? Kí ló fẹ́ wí? "Ọwọ́ ta ló wà báyìí?"

"Wáyà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lójú ọ̀nà. Sọ́ọ̀bù ẹ̀ la ti máa ń pàdé ní Sátidé, agogo mẹ́rin. Kálukú á mú ohun tó ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn wá, gbogbo wa á jọ gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wá lọ́wọ́ òfo. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tí orin ẹnìkejì bá ń lọ. Orin kan ò sì gbọ́dọ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, bó ti wù kó dùn tó."

"Ṣé àgbàlagbà lè wá?"

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Mọ́mì, ariwo ni o."

"Àádọ́ta ọdún ni ẹ̀rọ yìí ti ń kùn sí mi létí. Ariwo wo lẹ fẹ́ pa?"

Nígbà tí Sátidé pé, ìyá wẹ̀, ó wọ bùbá tó mọ́, ó mú kásẹ́ẹ̀tì inú àpótí òwú. Kò ní òmíràn tó lè mú lọ, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kò sì gba ọwọ́ òfo.

Rédíò tí ikùn wọn ṣí sílẹ̀ ló kún sọ́ọ̀bù náà, òórùn òjé yíyọ́ ń ta èèyàn nímú. Wáyà jókòó láàárín wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi wáyà so apá gíláàsì ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé àga tó dára jù fún ìyá. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ẹnìkan fi ti ilẹ̀kùn gbàgà, tí gbogbo rédíò orí pẹpẹ mì. Wẹ́dà ni, ọkùnrin tó tóbi bí ilẹ̀kùn náà, tí iná iṣẹ́ ti ta sí lápá káàkiri.

Wáyà yí ohùn padà bí ti obìnrin, ó pariwo, "Ẹ ò ní wó ilé yìí lé mi lórí o!"

Nọ́ọ̀sì àti Wẹ́dà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ó kù díẹ̀, Màmá!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá di apá àga mú.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìkíni wa nìyẹn. Inú orin Àrá la ti mú un. Wọ́n fi ìyá kan sí i tó mọ eré ṣe gan-an. A ò mọ ibi tí wọ́n ti lọ háyà ẹ̀."

Ìyá la ẹnu, ṣùgbọ́n Wẹ́dà ti tẹ rédíò, òfin sì ti dé. Orin tirẹ̀ bẹ́ jáde, ó sáré, ó bú àwọn èèyàn kan, ó dákẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

"Ó ti tán?" ni ìyá bi í. "Mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí wa ni."

"Pọ́ńkì ni wọ́n ń pe irú orin yẹn, Mọ́mì. Ẹni tínú ń bí kì í sọ̀rọ̀ gígùn."

"O ò tíì pàdé àbúrò ọkọ mi obìnrin nìyẹn."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ti nọ́ọ̀sì ló kàn. Mẹ́tàlì ni, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí òkè tó dìde tó ń wá ibòmíràn jókòó sí. Nígbà tó parí, nọ́ọ̀sì ní, "Òun ni mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan bá kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù. Ó kàn máa ń bá mi jókòó ni." Ìyá nìkan ló mi orí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mọ́mì?" Wáyà bi í. "Kí lẹ̀ ń gbọ́?"

Ìyá mú kásẹ́ẹ̀tì jáde. Wáyà tì í bọ inú rédíò. Ohùn ìyá mẹ́fà jáde, wọ́n ń kọrin ìyìn, ọ̀kan ń sáré jù, ọ̀kan ń fà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn ọmọ alágbárí òkú náà. Wẹ́dà dorí kodò, ó ń fi ìka lu orúnkún mọ́ ọn. Àwọn akọrin parí, ẹnìkan sín, rédíò ṣe kíláákì. Ibi tí ìyá ti dá gbígba orin dúró nìyẹn ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Kásẹ́ẹ̀tì wá ku ìwọ̀nba díẹ̀ nínú orin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: igi ìlù lu ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹnìkan mí sínú láti pariwo, gbogbo rẹ̀ sì tán.

Wáyà dìde. Ó fọwọ́ kan gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìlù yẹn... bí orin tó gbẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì Àrá ṣe parí nìyẹn. Mọ́mì, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ilé mi ni. Èmi ni mo bí i." Ìyá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo kọrin lé e lórí. Èmi ni mo pa ohùn ọmọ mi rẹ́, mi ò sì rí ibi tí mo ti lè tún un gbọ́. Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn. Kì í ṣe orin ni mo wá gbọ́."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá inú orin yẹn... Mọ́mì, ẹ̀yin ni?"

"Wọn ò háyà mi," ni ìyá wí. "Èmi ni mo ni ilé."

Wẹ́dà, tó ti ń fi ohùn ìyá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún yìí wá, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn okùn rédíò. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà." Ìyá ní kó dìde kó má lọ fi àyà gún ìṣó.

Wáyà fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó tú aṣọ tó fi wé kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ṣùùù. Kẹ̀ẹ̀ẹ̀. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já lu páànù. Bíbú tí ọmọ ń bú kò jọ ohùn tí ìyá ń wá rárá. Ó tẹ́tí, ó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú èérún aṣọ, kò rí i. Ni ìlù bá dáwọ́ dúró lójijì. Ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tí ara rẹ̀ ṣì le pariwo lẹ́yìn ilẹ̀kùn, "Ẹ ò ní wó ilé yìí lé mi lórí o!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn kí wọ́n tó mọ̀, nítorí ó ti mọ́ wọn lára, ohùn wọn sì bo èsì inú rédíò. Òkúta tún bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ìyá kò gbọ́ ọ. Ó dà bí ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un gbé sí i. Òfin kì í ṣe tirẹ̀. Ó kàn jókòó, ó ń wo rédíò náà títí orin fi parí. Wáyà wo nọ́ọ̀sì, ó wo Wẹ́dà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pàdé, orin kan kò dún lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ rí. Ó nawọ́, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà.

Òkúta tún já, ayùn tún ké. Nígbà tí ìlù dáwọ́ dúró tí ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ìyá kò mọ ìgbà tí ẹnu tirẹ̀ là. Òun àti obìnrin inú rédíò ló jọ pariwo, èyí tí ara rẹ̀ le àti èyí tó ti darúgbó, "Ẹ ò ní wó ilé yìí lé mi lórí o!"

Wẹ́dà pa ètè dé. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú sọ́ọ̀bù. Wọ́n fi èsì sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

"Ó kù díẹ̀, Màmá," ni ọmọ náà wí, jẹ́jẹ́, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀.